Láti orí ọ̀pẹ dé inú ife: Ohun tó yẹ ní mímọ̀ nípa ẹmu gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà àti Niger Delta

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹlẹ́mu ní Enugu, Owerri tàbí Umuahia, ẹni tó bá kàn sọ pé ẹmu ni òun fẹ́ kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ṣì máa bi í pé èwo ló ń fẹ́, ṣé "nkwu elu" ni àbí "ngwo"?

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ti orúkọ lásán. Igi tí wọ́n ti wá kì í ṣe ọ̀kan náà, ilẹ̀ tí igi náà ń hù sí yàtọ̀, adùn wọn yàtọ̀, owó wọn náà kì í sábà dọ́gba. Bí àwọn ará Faransé ṣe máa ń fi àgbègbè tí èso àjàrà ti hù dá wáìnì wọn mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà ilẹ̀ Igbo àti Niger Delta ṣe máa ń fi igi, ilẹ̀ àti wákàtí dá ẹmu mọ̀.

Àmọ́ ìmọ̀ yìí ti ń dín kù. Àwọn tó mọ ọ̀pẹ gùn ń darúgbó, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò fẹ́ fi igbà kọ́rùn mọ́, omi àti ṣúgà sì ti wọ inú kẹ́ẹ̀gì. Bákan náà, ọtí líle tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu, èyí tí wọ́n ń pè ní ògógóró tàbí kai-kai, ti ṣekú pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí májèlé wọ inú rẹ̀.

Igi méjì, ẹmu méjì

Igi àkọ́kọ́ ni ọ̀pẹ, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Elaeis guineensis. Ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Igi yìí kan náà ló ń so ẹyìn tí wọ́n fi ń ṣe epo pupa.

Epo rẹ̀ ló sọ Niger Delta di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde àṣẹ rẹ̀ lórí etíkun náà ní ọdún 1885, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni "Oil Rivers", ìyẹn àwọn odò elépo. Epo pupa ni wọ́n ń tọ́ka sí, nítorí pé wọn kò tíì wa epo rọ̀bì nígbà náà.

Àwọn Igbo ń pe igi ọ̀pẹ ní "nkwu". Ẹmu tó bá ti ara rẹ̀ wá ni "nkwu elu", èyí tó túmọ̀ sí ẹmu òkè, nítorí pé ẹni tó ń dá a gbọ́dọ̀ gùn ún dé orí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sọ Pidgin fi ń pè é ní "up wine".

Igi kejì ni èyí tí àwọn Yorùbá ń pe ẹmu rẹ̀ ní ògùrọ̀, tí àwọn Igbo ń pè ní "ngwo". Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Raphia hookeri. Inú ẹrẹ̀ àti ilẹ̀ àbàtà ló ti máa ń hù dáadáa, ìdí sì nìyí tó fi pọ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Delta, Bayelsa, Rivers àti Akwa Ibom, àti ní ẹ̀bá odò ní ilẹ̀ Igbo.

Ohun pàtàkì kan wà nípa igi ògùrọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò so èso, yóò sì kú. Ìgbà tí òdòdó yẹn bá fẹ́ yọ ni wọ́n máa ń dá ẹmu rẹ̀, torí pé ìgbà náà ni igi kó gbogbo ṣúgà tó ti tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún jọ sí orí.

Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ kò ní rí ohun gidi gbà. Ẹni tó bá sì pẹ́ jù, òdòdó ti gba ohun tó yẹ kó di ẹmu. Tí wọ́n bá sì dá a tán, ìgbésí ayé igi náà ti parí nìyẹn. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ kì í kú bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dá ẹmu lára ọ̀kan náà lọ́dún yìí, kí wọ́n tún padà sí i lọ́jọ́ mìíràn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a?

Àwọn Igbo ń pe adẹ́mu ní "diochi". Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ, ọ̀bẹ tó mú, ọ̀pá tín-ín-rín tó ní ihò nínú, àti akèrègbè tàbí kẹ́ẹ̀gì.

Tó bá dé orí ọ̀pẹ, yóò kọ́kọ́ gé àwọn imọ̀ tó dí ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni yóò wá òdòdó akọ tí kò tíì là, nítorí pé ọ̀pẹ máa ń yọ òdòdó akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yóò gé orí òdòdó náà, yóò ki ọ̀pá oníhò bọ̀ ọ́, yóò sì so akèrègbè mọ́ ọn kí omi rẹ̀ lè máa kán sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò tán síbẹ̀. Ojú ibi tó gé máa ń fẹ́ dí, nítorí náà adẹ́mu gbọ́dọ̀ padà gun igi náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti bẹ́ ẹ díẹ̀ sí i, kí ó sì gbé ohun tó ti kán sílẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀pẹ mẹ́wàá tó ń dá, ìgbà ogún ni yóò gun òkè lójúmọ́.

Ẹni tó ni ọ̀pẹ náà sì ní ìpinnu láti ṣe. Ọ̀pẹ tí wọ́n bá ń dá lẹ́mu léraléra, agbára tó yẹ kó fi so ẹyìn máa ń dín kù. Níbi tí ọ̀pẹ ti jẹ́ ti ẹlòmíràn, adẹ́mu ní láti bá onílẹ̀ ṣe àdéhùn, yálà kó san owó tàbí kó máa gbé ìpín ẹmu fún un.

Wákàtí díẹ̀ ló ń yí adùn rẹ̀ padà

Bí omi náà ṣe ń jáde lára igi, ó dùn bí omi ìrèké, kò sì ní ọtí nínú. Nǹkan bíi 10% sí 12% rẹ̀ ni ṣúgà. Àmọ́ kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n wà nínú afẹ́fẹ́, lára òdòdó àti nínú akèrègbè, máa ń bá a níbi tó ti ń kán. Wọ́n ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú kí ẹmu máa hó. Àwọn kòkòrò náà fúnra wọn, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, ló ń jẹ́ kó funfun bíi wàrà.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ adẹ́mu kì í fi ọṣẹ fọ akèrègbè wọn. Ìyókù ẹmu àná tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ń tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ti òní.

Láàárín wákàtí díẹ̀, adùn rẹ̀ á dín kù, agbára rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ọtí inú rẹ̀ lè tó nǹkan bíi 5%, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú bíà. Lẹ́yìn èyí, irú kòkòrò mìíràn á gba iṣẹ́ náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọtí di ọtí kíkan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní finígà. Ẹmu ti kan nìyẹn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé ẹmu "àárọ̀" tàbí "àná" kì í ṣe àwàdà láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n mu. Ẹni tó fẹ́ràn ohun dídùn á dúró de èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ èyí tó le á ní kí wọ́n fi pamọ́ di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn kan ní gúúsù ìlà-oòrùn tún máa ń ki èèpo igi Sacoglottis gabonensis bọ inú ẹmu. Ó máa ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kí ó ní ìkorò díẹ̀, kó má sì tètè kan. Àwọn onímọ̀ ní fásitì Nàìjíríà ti ṣe ìwádìí lórí èèpo igi yìí, ohun tó sì ń ṣe kò jìnnà sí iṣẹ́ tí àgbá onígi ń ṣe fún wáìnì ilẹ̀ òkèèrè.

Àwọn dókítà kìlọ̀ pé kí aláboyún má mu ọtí rárá, ẹmu sì wà lára rẹ̀. Pé ó ṣì dùn kò túmọ̀ sí pé kò sí ọtí nínú rẹ̀, nítorí pé orí igi ni ìyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ ojúlówó?

Bí ẹmu ṣe ń kúrò ní abúlé lọ sí ìlú ńlá, ọwọ́ tó ń gbà kọjá ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà méjì tí wọ́n sábà máa ń gbà bà á jẹ́ ni kí wọ́n da omi sí i kó lè pọ̀, kí wọ́n wá fi ṣúgà tàbí saccharin bo omi náà mọ́lẹ̀. Saccharin jẹ́ kẹ́míkà kan tí adùn rẹ̀ pọ̀ ju ti ṣúgà lọ fíìfíì.

Kò sí bí ojú lásán ṣe lè fi gbogbo rẹ̀ hàn, àmọ́ àwọn àmì kan wà:

Ẹmu tí wọ́n da omi sí máa ń ṣàn bí omi, funfun rẹ̀ kì í ki, ìhó rẹ̀ sì máa ń tètè lọ.

Saccharin máa ń fi ìkorò díẹ̀ sílẹ̀ lórí ahọ́n lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti gbé e mì tán.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àkókò. Ẹmu gidi kò lè dùn ní ìdùn kan náà láàárọ̀ òní àti lálẹ́ ọ̀la. Tó bá jẹ́ pé kò sí nínú fìríìjì, tí wọn kò sì gbé e kaná, síbẹ̀ tí adùn rẹ̀ kò yí padà rárá, nǹkan ti wọ inú rẹ̀.

Ife kan tó lè so ìdílé méjì pọ̀

Ní ilẹ̀ Igbo, orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni "igba nkwu", èyí tó ní í ṣe pẹ̀lú gbígbé ẹmu lọ sí ilé ìyàwó. Nínú ìwé ohun tí ìdílé ọkọ gbọ́dọ̀ gbé wá, ẹmu kì í gbẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìlú ló sì máa ń sọ iye nkwu elu àti iye ngwo tí wọ́n ń fẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lọ́jọ́ náà, bàbá ìyàwó tàbí àgbà ìdílé á bu ẹmu sínú ife, á gbé e fún ọmọbìnrin náà pé kó lọ wá ọkọ rẹ̀. Ọkọ á ti fara pamọ́ sáàárín èrò, àwọn ọkùnrin mìíràn á sì máa na ọwọ́ láti gba ife náà. Tó bá rí i, á kúnlẹ̀, á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, á wá gbé e fún un. Tó bá ti mu ún, gbogbo ayé ti rí i pé òun ni ẹni tí ọmọbìnrin náà yàn.

Nítorí èyí, bí ẹmu gidi ṣe ń di ohun àwátì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́tí nìkan. Àwọn ìdílé kan ti ń fi ọtí inú ìgò dípò rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ àgbà kò gbà pé ó lè gba ipò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá.

Kai-kai: Láti orí ìfòfindè dé orí ikú

Ẹmu tí wọn kò bá tà kó tó kan kì í ṣòfò ní Niger Delta. Wọ́n á jẹ́ kó le fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá dà á sínú àgbá irin, wọ́n á sì dáná sí i nídìí. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù bàbà tó la omi tútù kọjá, á sì máa kán jáde bí ọtí tó mọ́ gaara. Èyí ni ògógóró, tí àwọn kan mọ̀ sí kai-kai, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní "Sapele water", nítorí ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta.

Ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì sọ sísè rẹ̀ di ọ̀ràn. Owó orí lórí ọtí líle tó ń ti òkè òkun wọlé wà lára ohun tí ìjọba náà fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì ń se tirẹ̀ nínú igbó kò ní san owó náà. Àwọn ọlọ́pàá máa ń wọ inú ẹrẹ̀ lọ láti fọ́ àgbá, àmọ́ wọn kò rí iṣẹ́ náà pa rẹ́.

Ewu gidi kì í ṣe nínú òfin nìkan. Ní ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní agbègbè Irele, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n sì ń dákú. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé oògùn apakoko ló fà á. Láìpẹ́, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers.

Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìfòfindè lórí títa ògógóró lọ́dún náà.

Methanol jọ ọtí tí ènìyàn ń mu ní ojú àti ní òórùn, àmọ́ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń lò ó fún. Tó bá wọ inú ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ásíìdì tó ń ba ojú àti ọpọlọ jẹ́. Ohun tó jẹ́ kó burú ni pé ó lè gba wákàtí méjìlá tàbí ọjọ́ kan kí àmì rẹ̀ tó hàn, ẹni tó mu ún á ti rò pé ọtí lásán ló ń pa òun.

Ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, tó ń bì, tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn tó mu ọtí líle tí kò mọ orísun rẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ìtọ́jú wà fún un tí wọ́n bá tètè dé ibẹ̀.

Àwọn aládùúgbò Nàìjíríà ńkọ́?

Láti Senegal dé Cameroon, ẹmu wà níbi gbogbo tí ọ̀pẹ bá ti ń hù. Ní Casamance, ní gúúsù Senegal, àwọn Diola ló mọ iṣẹ́ náà jù, "bunuk" sì ni wọ́n ń pè é. Ní Côte d'Ivoire, orúkọ rẹ̀ ni "bangui". Àwọn Ewe ní Togo àti Ghana ń pè é ní "deha", àwọn ará Sierra Leone sì ń pè é ní "poyo".

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà dá a ní Ghana yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Igbo. Wọ́n máa ń wó igi ọ̀pẹ lulẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò sí i lára, omi á sì máa kán jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí ewu pé ènìyàn á já láti òkè, àmọ́ ọ̀pẹ kan ti lọ nìyẹn, àyàfi tí wọ́n bá gbin òmíràn.

Ọtí líle náà ní orúkọ tirẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ní Ghana, akpeteshie ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é, ẹ̀yìn òmìnira ọdún 1957 ni ìjọba Ghana tó gbà á láàyè. Ní Benin àti Togo, wọ́n ń pè é ní sodabi. Ìtàn sọ pé orúkọ ọkùnrin kan ni, tó kọ́ sísè ọtí nígbà tó lọ ja ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ní Faransé.

Ilé ẹlẹ́mu ló tún bí irú orin kan. Àwọn atukọ̀ Kru láti Liberia gbé gìtá kiri àwọn ìlú etíkun, orin tí wọ́n ń kọ sì di èyí tí wọ́n ń pè ní orin ẹlẹ́mu. S. E. Rogie ti Sierra Leone gbé e dé ilẹ̀ òkèèrè, ó sì wà lára ohun tí orin jùjú ti jáde ní Èkó.

Ta ni yóò máa gun ọ̀pẹ?

Nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, gbé jáde ní 1952, ọkùnrin kan gbéra lọ sí ìlú àwọn òkú láti wá adẹ́mu rẹ̀ tó já láti orí ọ̀pẹ tó sì kú. Ìtàn àròsọ ni, àmọ́ bí adẹ́mu náà ṣe kú kì í ṣe àròsọ.

Ìwádìí àwọn dókítà ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà ti fi hàn pé jíjá láti orí ọ̀pẹ wà lára ohun tó ń ṣẹ́ àwọn ọkùnrin léegun ẹ̀yìn, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì lè fi ẹsẹ̀ rìn mọ́. Igbà tó ti gbó, òjò tó mú ara igi yọ̀, agbọ́n tàbí ejò tó fara pamọ́ sórí ọ̀pẹ, èyíkéyìí nínú wọn tó. Ọ̀pọ̀ adẹ́mu ni kò ní ìṣẹ́jú kan ìbánigbófò.

Iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti Nàìjíríà, NIFOR, tó wà nítòsí ìlú Benin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, ti wá ọ̀nà láti fi ẹmu sínú ìgò. Wọ́n máa ń gbé e kaná níwọ̀nba kí ìwúkàrà inú rẹ̀ lè kú, kó má baà máa le sí i. Èyí ń jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, kó sì lè rin ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ àwọn tó mọ adùn rẹ̀ máa ń sọ pé kò rí bákan náà mọ́, nítorí pé ohun tó ń hó nínú ẹmu ni wọ́n ti pa.

Bákan náà, àwọn ọ̀pẹ tí iléeṣẹ́ náà ń mú jáde máa ń tètè so, wọn kì í sì tètè ga bíi ti inú igbó. Ọwọ́ lè tó o láti ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀, epo ló sábà ń wá, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan òdòdó rẹ̀.

Ní báyìí ná, kò sí ìwé kankan lára kẹ́ẹ̀gì ẹmu tó ń sọ igi tó ti wá, abúlé tí wọ́n ti dá a tàbí wákàtí tó sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó dá a nìkan ló lè sọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó fẹ́ràn ẹmu gidi ní Enugu tàbí Warri ṣì máa ń mọ adẹ́mu wọn lójú, tí wọ́n sì máa ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ife wọn síwájú: igi wo ni, ìgbà wo ló gùn ún, ta ló sì gbé e wálé?